Torí túwíìtì kan: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní dẹjọ́?

Ìjà yìí kì í tán. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á kọ nǹkan lórí fóònù ẹ̀, ẹnì kan nílé ìjọba tàbí lọ́fíìsì VC, ìyẹn ọ̀gá àgbà fásitì, á bínú, wọ́n á wá gbé e tàbí kí wọ́n fi lẹ́tà pè é, kó tó dalẹ́ hashtag ti gbalé gboko. Àwọn kan á ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àwọn kan á ní ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni, ẹ jẹ́ kí ìta kọ́ ọ. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin a ti gbàgbé, àfi ọmọ tọ́rọ̀ kàn àtàwọn òbí ẹ̀. Èyí tó wá ń dà á rú jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jà ò mọ òfin tí wọ́n ń jà lé lórí, wọ́n ń pariwo Cybercrime, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí kì í ṣe Cybercrime, wọ́n ń pariwo òmìnira níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ìhàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an sí akẹ́kọ̀ọ́ Dutse yẹn?

Òun lẹjọ́ táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà, ká kúkú ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2022 ni. Ẹ rántí pé ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún náà, wọn ò sì padà síṣẹ́ títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko làwọn ọmọ fi jókòó sílé, fóònù ló kù lọ́wọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà ní ọdún àṣekágbá ní Federal University Dutse, ní Jigawa, gbé fọ́tò Aisha Buhari, ìyàwó ààrẹ ìgbà yẹn, sórí Twitter, ó kọ gbólóhùn kúkúrú kan lédè Haúsá tì í, pé Màmá ti jẹ owó tálákà yó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ iye owó, kò ní òun máa ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Oṣù márùn-ún kọjá, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá àwọn agbófinró wá gbé e nínú ọgbà ilé-ìwé, ó di Abuja, àwọn ẹbí ẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé fún ọjọ́ mélòó kan àwọn ò mọ ibi tó wà, pé wọ́n tún lù ú. Ìgbà tọ́rọ̀ náà jáde síta ló wá di wàhálà ńlá, Amnesty, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, dá sí i, NANS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà, ní àwọn máa ṣe ìwọ́de. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá wọ́n gbé e délé-ẹjọ́ gíga Abuja, adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n Suleja. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 2 oṣù kejìlá wọ́n ti fa ẹjọ́ yọ, ó sì padà sílé.

Wọ́n fa ẹjọ́ yọ o, adájọ́ kankan ò dájọ́ ẹ̀. Ìyẹn ni pé títí dòní kò sí kọ́ọ̀tù tó sọ bóyá gbólóhùn yẹn rú òfin àbí kò rú u, ìdí sì nìyẹn tí tọ̀tún tòsì fi ń lo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù wọ́n.

Ṣé Cybercrime Act ni wọ́n fi mú un?

Rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni ti ìbanilórúkọjẹ́ lábẹ́ Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lápá Àríwá àti l'Abuja. Òfin náà ti wà kí wọ́n tó dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láyé. Lápá tiwa níbí, ìpínlẹ̀ tó bá ṣì ń lo Criminal Code ti àtijọ́, irú ẹ̀ wà nínú section 375: ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó bá ba èèyàn lórúkọ jẹ́, ọdún méjì tó bá mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Torí pé bí wọ́n bá tún Cybercrime Act ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò kan àwọn òfin àtijọ́ yìí. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ mú ọmọ kan ní ju ilẹ̀kùn kan lọ tó lè gbà.

Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n pa àwọn òfin àtijọ́ yìí rẹ́ ń sọ pé ìbanilórúkọjẹ́ ò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n rárá, pé ẹni tí wọ́n bá bà lórúkọ jẹ́, kó gba lọ́yà, kó pe ẹjọ́, kó gba owó gbà-má-bínú, ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ dá sí i. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n wà náà ní tiwọn, wọ́n ní ta ló fẹ́ gba mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ò ní kọ́bọ̀, pé tí kò bá sí ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n, ẹnikẹ́ni tí kò ní nǹkan kan á máa ba orúkọ jẹ́ láìsí ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ.

Ṣebí ìwé òfin ilẹ̀ wa fún wa lómìnira láti sọ̀rọ̀?

Ó fún wa. Section 39 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tiẹ̀, láti gba ìròyìn àti láti fi ránṣẹ́, láìsí ìdíwọ́. Kò ní àfi ẹni tó bá ti jáde ní fásitì, kò ní àfi ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé náà síwájú díẹ̀, ẹ máa rí section 45 tó ní òfin lè dín òmìnira yìí kù nítorí ààbò ìlú, àlàáfíà, ìwà ọmọlúàbí, ìlera, tàbí nítorí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíì. Nínú gbogbo ẹjọ́ tá a ń sọ yìí, ọ̀tọ̀ ni lọ́yà tó ń ka 39, ọ̀tọ̀ ni lọ́yà tó ń ka 45, inú ìwé kan náà làwọn méjèèjì ti ń kà á.

Ẹjọ́ kan wà táwọn lọ́yà fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Láyé Shagari, Arthur Nwankwo kọ̀wé tó fi bu ẹnu àtẹ́ lu Jim Nwobodo tó jẹ́ gómìnà Anambra nígbà yẹn, wọ́n gbé e lọ kọ́ọ̀tù, wọ́n ní ó fẹ́ dá ìlú rú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà l'Enugu ló dá a sílẹ̀. Àwọn adájọ́ ní àwọn òyìnbó amúnisìn ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti fi dáàbò bo ara wọn, pé kò bá ìwé òfin tó fún èèyàn lómìnira láti sọ̀rọ̀ mu mọ́, pé ẹni tó bá wà nípò gbọ́dọ̀ lè fara da kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí òun. Ìgbà yẹn o, kò tíì sí túwíìtì.

Kí ló wà nínú òfin Cybercrime tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀?

Section 24. Nígbà tí Jonathan buwọ́ lu òfin náà ní 2015, ohun tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi jà ni jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, yàhúù-yàhúù, àwọn tó ń jí owó báńkì. Àmọ́ wọ́n ki section 24 bọ inú ẹ̀, tó ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó ń múni bínú gan-an, tó jẹ́ ti ìṣekúṣe, tàbí tó ń dẹ́rù bani ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tàbí tó fi irọ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti fi yọ èèyàn lẹ́nu, láti fi bú u, láti fi dá ìkórìíra sílẹ̀, ó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, tàbí kó san mílíọ̀nù méje náírà, tàbí kó fojú winá méjèèjì.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ta ló ń wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe múni bínú tó? Ohun tí màmá mi á gbọ́ tí á fi jáwọ́ nínú oúnjẹ, ọmọ 200 level á kàn fi rẹ́rìn-ín ni. Kì í sì í ṣe Nàìjíríà ló ronú ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ẹni tó bá ka òfin Communications Act tí ìlú Ọba ṣe ní 2003 á rí i pé gbólóhùn tó wà nínú ẹ̀ àti èyí tó wà nínú tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Lọ́yà kan gbé section yìí lọ kọ́ọ̀tù, ó ní kò ṣe kedere, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn l'Èkó ní 2019 sọ pé rárá o, kò sóhun tó ṣe é, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ní 2020, ó tún sọ ọ́ ní 2022, pé section náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí Nàìjíríà tún un ṣe. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní kọ́ọ̀tù ti dá a láre, òótọ́ ló sọ, tẹ́nìkejì náà bá ní kọ́ọ̀tù ti bù ú, kò parọ́, kọ́ọ̀tù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni Tinubu buwọ́ lu àtúnṣe. Wọ́n yọ gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń múni bínú, ohun tó ń yọni lẹ́nu, èébú. Ohun tó kù nínú apá àkọ́kọ́ section 24 báyìí ni àwòrán tàbí fídíò ìṣekúṣe, àti irọ́ tí èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni tó fi ránṣẹ́ kí ìlú lè dàrú tàbí kí ẹ̀mí èèyàn lè wà nínú ewu. Tẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, òfin yìí ò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú àrífín mọ́. Ẹni tó bá bú gómìnà lórí X, ìyẹn Twitter àtijọ́, lónìí, tí kò parọ́, tí kò halẹ̀, kò rú section 24. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń sọ pé ọlọ́pàá ṣì ń fi mú èèyàn, wọ́n kàn ń pè é ní irọ́ tó lè dá ìlú rú ni, torí ọwọ́ ẹni tó wá gbéni ni ìtumọ̀ náà kọ́kọ́ wà kó tó délé-ẹjọ́. Ìjọba ní tiwọn ní rárá, pé tí kò bá sí òfin yìí, ìròyìn èké kan lórí WhatsApp lè mú kí wọ́n pa ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ́jọ́ kan.

Apá kejì section náà ò kúrò níbẹ̀ o, èyí tó dá lórí ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ èèyàn, tó ń dọdẹ ẹ̀, tó ń fìyà jẹ ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì le ju tàkọ́kọ́ lọ, ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ṣé èpè náà jẹ́ ìhàlẹ̀?

Àwa Yorùbá ni kí wọ́n wá bi ní ìbéèrè yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ọlọ́pàá gbé obìnrin kan tó jẹ́ ajìjàgbara lọ sílé-ẹjọ́ l'Abuja lábẹ́ Cybercrime Act tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe yìí, wọ́n ní ó ṣépè lédè Yorùbá nínú fídíò fún Seyi Tinubu ọmọ ààrẹ, Kayode Egbetokun tó jẹ́ IGP, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, nígbà yẹn, àti Muyiwa Adejobi tó jẹ́ agbẹnusọ ọlọ́pàá nígbà yẹn. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Àwọn kan ní ẹni tó bá sọ pé ohun búburú á ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ó kàn gbàdúrà tí kò dáa ni, kò mú ọ̀bẹ, kò ní òun ń bọ̀, Ọlọ́run ló fà á lé lọ́wọ́, báwo ni ìyẹn ṣe wá di ọ̀ràn ọlọ́pàá? Àwọn kan náà ní ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, nílẹ̀ Yorùbá èpè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹni tó bá gbé e fún ọmọ ẹlòmíì mọ ohun tóun fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Òfin ìwé ò ní section fún àṣẹ, ohun tó ń bi ni bóyá ẹni tó sọ̀rọ̀ fẹ́ kí ẹ̀rù ba ẹni tó gbọ́ ọ. Èmi ò rò pé adájọ́ kankan ń yọ̀ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé iwájú òun.

Ilé-ìwé ńkọ́? Ṣé VC lè lé èèyàn torí póòsì?

Fún akẹ́kọ̀ọ́, ibi tó ti ń dùn ún jù nìyí, torí kí ọlọ́pàá tó dé, ilé-ìwé ti dé. Ọjọ́ màtíríkúléṣọ̀n, gbogbo wa la gbọ́wọ́ sókè tá a búra pé a máa pa òfin ilé-ìwé mọ́, ọ̀pọ̀ ò ka òfin náà rí, fọ́tò pẹ̀lú gáùn ló wà lórí ẹ̀mí wa. Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín fún wa yẹn, gbólóhùn kan sábà máa ń wà níbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ ṣe ohun tó máa ba orúkọ ilé-ìwé jẹ́. Gbólóhùn kan yẹn ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ó lè jẹ́ fídíò ìjà ní hóstẹ́ẹ̀lì, ó lè jẹ́ túwíìtì pé omi ò sí, ó lè jẹ́ ọmọ tó ní olùkọ́ kan ń fi máàkì gba nǹkan.

Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní UI tó ṣì ń ká àwọn èèyàn lára. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin kan tó jẹ́ oníròyìn inú ọgbà kọ àpilẹ̀kọ nípa bí wọ́n ṣe ń tún òrùlé ilé ṣe lẹ́wà tí inú ilé ò sì ṣeé gbé, ìwé ìròyìn Guardian gbé e jáde ní 2016. Ní 2018, ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ìbáwí ní kó lọ rọ́kún nílé fún sẹ̀mẹ́sítà méjì. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ilé-ìwé ní ó yẹ kó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá sọ́fíìsì kó tó gbé e jáde síta. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ẹ̀ ní ẹ sọ fún wa, èwo nínú ohun tó kọ ni irọ́?

Kí wá ni kọ́ọ̀tù ń sọ? Nǹkan méjì tó dà bí ẹni pé wọ́n ń tako ara wọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, bíi nínú ẹjọ́ Akintemi àti Onwumechili ní 1985 tó wá láti Ifẹ̀, àti ẹjọ́ Magit tó bá fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ Makurdi ṣe tí wọ́n dá ní 2005, pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé ilé-ìwé, bíi èsì ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí, kọ́ọ̀tù ò ní máa wá bá wọn dá sí i bó ṣe wù ú. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ kan náà ní 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti fásitì Maiduguri, sọ ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó mọ̀. Àwọn ọmọ ṣe rògbòdìyàn, wọ́n jó nǹkan, ilé-ìwé gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n lé wọn. Ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà sì ni igbákejì VC, tó jẹ́ pé ilé tiẹ̀ náà wà nínú ohun tí wọ́n dáná sun! Ilé-ẹjọ́ ní èyí ò ṣeé ṣe, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò lè jẹ́ adájọ́, àti pé tí ẹ̀sùn bá ti jẹ́ ti ìwà ọ̀daràn, kọ́ọ̀tù ló ń dá a, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà.

Tá a bá mú ìyẹn wá sórí póòsì: ilé-ìwé lè pè ẹ́ torí ìwà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà fún ẹ, kí wọ́n jẹ́ kó o rojọ́, kí ẹni tó o bú náà má jókòó sórí àga alága. Section 36 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló gbé ìyẹn kalẹ̀. Tí wọ́n bá wá ń pe ohun tó o kọ ní ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Fásitì aládàáni tún le díẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí wọ́n á ní ìwé àdéhùn tí ìwọ àti bàbá ẹ buwọ́ lù làwọn ń tẹ̀ lé.

Kí ló dé tí gbogbo ìbínú fi wá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ wo ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, tí omi ò bá sí ní hóstẹ́ẹ̀lì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ bá ilé-ìwé, wọ́n á ṣe congress, wọ́n á jà, wọ́n á yanjú ẹ̀. UNILAG ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn pa ní 2016 lẹ́yìn ìwọ́de, UI náà ti tiwọn pa ní 2017, ọdún gbọọrọ ló fi wà bẹ́ẹ̀ níbi méjèèjì. Ẹni tí kò ní ibi tó máa sọ ọ́ sí, ó ní dátà. Ìgbà tó wá di oṣù kẹwàá 2020 tí EndSARS ṣẹlẹ̀, gbogbo ọmọ tó wà ní fásitì rí i pé túwíìtì lè mú kí ìjọba àpapọ̀ sọ̀rọ̀. Ìjọba náà rí i. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2021 wọ́n ti Twitter pa ní Nàìjíríà, wọn ò ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì padà sọ pé kò bófin mu.

Ohun tó wà nínú ìbínú àwọn àgbà náà kì í ṣe kékeré. Ọmọ ogún ọdún tó ń pe ẹni tó tó bàbá bàbá ẹ̀ ní orúkọ burúkú níwájú mílíọ̀nù kan èèyàn, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ nílẹ̀ wa. Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá bọ́ kò ṣeé kó, wọ́n ní kí ló ṣe tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìsí èébú nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á dáhùn pé àwọn ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́, àwọn kọ lẹ́tà, kò sẹ́ni tó dáhùn, ìgbà táwọn bú èèyàn ni wọ́n tó gbọ́. Ẹ má bi mí léèrè ta ló jàre, ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀. Àrífín wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Irọ́ tó ba èèyàn lórúkọ jẹ́ wà, ìyẹn ní lọ́yà. Ìhàlẹ̀ àti fífi àwòrán ìhòhò halẹ̀ mọ́ èèyàn wà, ìyẹn ní ọlọ́pàá. Ní ẹjọ́ Dutse, àwọn tó ń gbè é ní tàkọ́kọ́ ni, àwọn tó mú un ní tìkejì ni, ìyà tí wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ ẹ́ sì jọ ti ẹni tó ṣe tìkẹta.

Ṣé ìjọba àti ilé-ìwé nìkan ló yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún?

Rárá, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2022, ní Shehu Shagari College of Education ní Sokoto, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sínú ọgbà ilé-ìwé. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn, ó ní ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n dá gúrúùpù náà sílẹ̀ fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn kan ní ó sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn. Kì í ṣe ìjọba ló pa á, kì í ṣe VC, àwọn èrò tó ya bò ó ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ sì wà nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ méjì tún yọ. Àwọn kan ní èyí ló fi hàn pé a nílò òfin tó máa dá ọ̀rọ̀ dúró kó tó di ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ní òdì kejì ẹ̀ ló fi hàn, pé tí òfin bá ń sọ fún àwọn èèyàn lójoojúmọ́ pé ọ̀rọ̀ tó múni bínú jẹ́ ọ̀ràn, ẹni tí inú bá bí á rò pé òun náà ní àṣẹ láti fìyà jẹ ẹni tó sọ ọ́.

Èyí tí kò tó ìyẹn, tó sì wọ́pọ̀ jù, ni àwọn péèjì òfófó. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fásitì kan tí kò ní péèjì tẹ́nikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín, lórí Instagram, X tàbí Telegram, wọ́n á ní ọmọ báyìí ń tẹ̀ lé olùkọ́ báyìí, wọ́n á gbé fọ́tò ẹ̀ síta, orúkọ, dẹ̀pátímẹ́ǹtì, gbogbo ẹ̀. Ọmọbìnrin ló sábà máa ń jẹ ẹ́ níyà. Àwọn tó ń jà fún òmìnira ọ̀rọ̀ kì í fẹ́ dúró pẹ́ níbí yìí, torí ẹni tí wọ́n ń fi òmìnira náà wọ́ nílẹ̀ kì í ṣe gómìnà, ọmọ 100 level ni. Òun gan-an ni apá kejì section 24 yẹ kó wúlò fún, òun náà sì ni kì í sábà rí ọlọ́pàá tó máa dá a lóhùn.

Corper Èkó yẹn ńkọ́?

Oṣù kẹta 2025, agùnbánirọ̀ kan l'Èkó ṣe fídíò TikTok, ó ń ké pé nǹkan ti wọ́n jù, ó sọ̀rọ̀ líle sí ààrẹ, ó tún ní Èkó ń rùn. Ó ní àwọn ọ̀gá NYSC pe òun pé kóun yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gba ìwé-ẹ̀rí, wọn ò fún òun, wọ́n fi kún ọjọ́ tó máa lò. NYSC ní torí pé kò ṣe clearance oṣù kan ni, àwọn tó ń tì í lẹ́yìn ní torí fídíò ni. Òfin ìwà ọ̀daràn kankan ò wọ ọ̀rọ̀ yìí rárá, òfin inú ilé NYSC ni. Ìyẹn ló sì jẹ́ kó jọ ti ilé-ìwé: ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ kò nílò ọlọ́pàá.

Ṣé wọ́n ń ṣe báyìí nílùú òyìnbó náà?

Ó yàtọ̀ síra. Ní Amẹ́ríkà, òmìnira ọ̀rọ̀ ń de ìjọba àti ilé-ìwé ìjọba, kò de ilé-ìwé aládàáni. Ní 1973 ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ nínú ẹjọ́ Papish, akẹ́kọ̀ọ́ tí fásitì Missouri lé torí ìwé ìròyìn tó ní ọ̀rọ̀ rírùn nínú, pé fásitì ìjọba ò lè lé èèyàn torí pé ohun tó pín ò bá ìwà ọmọlúàbí mu nìkan. Fásitì Tennessee fẹ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ pharmacy kan torí póòsì nípa ìbálòpọ̀, ó gbé wọn lọ kọ́ọ̀tù, wọ́n sì padà san 250,000 dọ́là fún un ní 2025. Harvard tó jẹ́ aládàáni ní tiẹ̀ gba àyè ìwọlé lọ́wọ́ àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá ní 2017 torí àwàdà rírùn nínú gúrúùpù Facebook, kò sì sí nǹkan kan tẹ́nikẹ́ni fi ṣe wọ́n.

Ìlú Ọba ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Fabrice Muamba, agbábọ́ọ̀lù Bolton, ṣubú lórí pápá ní oṣù kẹta 2012, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì Swansea kan kọ túwíìtì ẹlẹ́yàmẹ̀yà nípa ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọjọ́ 56. Nítorí náà ẹni tó bá ní "nílùú òyìnbó wọn ò lè mú èèyàn torí túwíìtì," kó kọ́kọ́ sọ ìlú òyìnbó wo.

Kí ló wá kan èmi tí mi ò bú ẹnikẹ́ni?

Tó o bá fẹ́ lọ ka ìwé ní Amẹ́ríkà, ó kàn ẹ́. Láti 2019 ni fọ́ọ̀mù físà wọn ti ń béèrè orúkọ tó ò ń lò lórí sóṣà mídíà fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà 2025 wọ́n wá fi kún un pé ẹni tó bá ń gba físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣí àkáǹtì ẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i, kí àwọn òṣìṣẹ́ físà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìjọba ibẹ̀ ní torí ààbò ni. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní orílẹ̀-èdè tó ń fi òmìnira ọ̀rọ̀ yangàn ló tún ń ka túwíìtì ọmọ ọlọ́mọ kó tó ṣílẹ̀kùn.

Àwọn tó ń wáṣẹ́ síbí náà mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á wo orúkọ ẹ lórí Google kó tó pè ẹ́. Ohun tó o kọ ní 2020 ṣì wà níbẹ̀, tó o bá pa á rẹ́ pàápàá, skírínṣọ́ọ̀tì lè wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọmọ Dutse yẹn kọ tiẹ̀ ní oṣù kẹfà, oṣù kọkànlá ni wọ́n tó wá.